Fíìmù Ọlọ́bẹ Àtijọ́ ní Àkúrẹ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Darí Àríyànjiyàn Àwọn Òǹwòran

Fíìmù ọlọ́bẹ, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní slasher, ni fíìmù tí apànìyàn kan ti ń dọdẹ àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi ku ẹnì kan ṣoṣo, tó sábà máa ń jẹ́ ọmọbìnrin. Owó kékeré ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú èyí tó jáde ní Amẹ́ríkà àti Kánádà láàárín ọdún 1974 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ẹ gbé ọ̀kan kalẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kan ní Alágbàka tàbí nítòsí FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, ẹ ó rí i pé àwọn kan á ní àwọn kò rí irú rẹ̀ rí, àwọn mìíràn á sì ní kí ẹ dá àkókò àwọn padà.

Ìlànà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ kó èèyàn bíi 40 jọ láti wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀, kó sì gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn wọn lóòótọ́. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn tó ń wáyé lẹ́yìn irú fíìmù yìí kò ti inú fíìmù wá. Àwọn kan kò rí i dáadáa, àwọn kan kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, ẹni tó sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ àwọn tó kù lẹ́nu. Ẹ tún èyí ṣe ná. Ohun tó bá kù lẹ́yìn rẹ̀ ni àríyànjiyàn gidi, òun ló sì dùn ún gbọ́.

Halloween, fíìmù John Carpenter tó jáde lọ́dún 1978, ni a ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìṣẹ́jú 91 ló gùn, a mọ iye tó ná wọn, àwọn aṣelámèyítọ́ Amẹ́ríkà pàápàá kò sì fẹnu kò lórí rẹ̀ nígbà tó jáde.

Ìwé àṣẹ àti ọjọ́ orí

Àwòrán tí ẹ rà fún ilé yín kò fún yín láṣẹ láti fi í han gbogbo èèyàn. Òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022 ka ìfihàn ní gbangba sí ẹ̀tọ́ ẹni tó ni fíìmù, bí ẹ kò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń pín fíìmù náà kí ẹ tó lẹ ìwé ìkéde kankan.

Ẹ fi ọjọ́ orí sí 18, ẹ má sì ṣe ojú àánú lẹ́nu ọ̀nà. Ìhòòhò wà níbẹ̀, ìpànìyàn sì wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà ló sì pa ẹni àkọ́kọ́. Ẹ kọ nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí gàdàgbà sára ìwé ìkéde, lédè Yorùbá. Ẹni tí kò bá fẹ́ rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yóò jókòó sílé rẹ̀, ẹ ó sì bọ́ lọ́wọ́ ìjà tí kò ní í ṣe pẹ̀lú fíìmù. Tí ẹ bá fi pa mọ́, gbogbo ìjíròrò á dá lórí pé ẹ tan àwọn èèyàn wá.

Òkùnkùn ni kó kọ́kọ́ jẹ yín lógún

Alẹ́ ni ìdajì fíìmù náà, òjìji ni Carpenter àti Dean Cundey tó ya àwòrán rẹ̀ sì fi ṣe iṣẹ́. Projector kò lè mú àwòrán dúdú ju yàrá tó wà lọ. Bí iná tube kan bá ṣì ń tàn lẹ́yìn gbọ̀ngàn, tàbí tí louvre ń jẹ́ kí iná títì wọlé, ohun tó yẹ kó jẹ́ òkùnkùn á di eérú. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ á sọ pé fíìmù náà kò bà á lẹ́rù rárá, òótọ́ ló sì ń sọ, nítorí kò rí ohun tó yẹ kó bà á lẹ́rù.

Ẹ fi nylon dúdú tó nípọn, irú èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn oníṣẹ́ ilé, bo gbogbo fèrèsé. Ní Àkúrẹ́, oòrùn máa ń wọ̀ ní bíi aago 6:15 nínú oṣù November, ó sì máa ń tó aago 7:00 nínú oṣù July. Nítorí náà aago 7:30 ló dára láti bẹ̀rẹ̀ ní àsìkò ọyẹ́, aago 8:00 nígbà òjò. Àmọ́ tí gbọ̀ngàn yín bá jẹ́ oní-páànù tí kò ní àjà, ẹ má ṣe é nígbà òjò rárá. Òjò orí páànù á gbé ohùn gbogbo mì.

Aṣọ ìbùsùn funfun kan ṣoṣo kò tó fún ojú ìwòran, ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ ṣẹ́ ẹ po méjì kí ẹ sì fà á le, tàbí kí ẹ lo ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà funfun tí kì í dán kùn. Ọ̀dà tó ń dán á kọ iná sí èèyàn lójú.

Bí àwòrán náà ṣe fẹ̀ sí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Wọ́n ya Halloween ní fífẹ̀ 2.35 sí gíga 1. Bí ojú ìwòran yín bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 240, àwòrán náà yóò ga ní sẹ̀ǹtímítà 102 péré, dúdú á wà lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣe projector á fẹ́ nà án kó lè kún gbogbo aṣọ, ojú gbogbo èèyàn á sì gùn gbọọrọ. Èyí tó burú jù ni ẹ̀dà àtijọ́ tí wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kúrò kó lè bá tẹlifíṣọ̀n mu. Ní ọ̀sán gangan nínú fíìmù náà, apànìyàn máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán, lẹ́bàá ọgbà igi tàbí láàárín aṣọ tí wọ́n sá, kò sì sẹ́ni tó máa nàka sí i fún yín. Ẹ gé ẹ̀gbẹ́ àwòrán, ẹ ti gé ẹ̀rù náà kúrò.

Ẹ tún yẹ ẹ̀dà náà wò dáadáa. Ẹ̀dà kan wà tí wọ́n fi ìran kún fún tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà lọ́dún 1981, wọ́n sì yọ àwọn ibi tó le kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó ti wo èyí nílé tẹ́lẹ̀ yóò máa bá ẹni tó wo ti sinimá jiyàn lórí ohun tí wọn kò jọ rí. Tí gígùn rẹ̀ bá ju ìṣẹ́jú 95 lọ, ẹ̀dà tẹlifíṣọ̀n ni ẹ fi ń fura sí.

Bí ẹ ṣe máa dán gbọ̀ngàn wò rèé. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, lásìkò kan náà tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ sáré àwòrán lọ sí apá ìparí, níbi tí Laurie, ọmọbìnrin tí ìtàn dá lé lórí, ti fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà yàrá tó ṣókùnkùn, tí ibojú funfun tí apànìyàn wọ̀ sójú ń yọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ lọ dúró sí ìlà àga tó kẹ́yìn. Tí ẹ kò bá rí ojú náà títí tó fi rìn síwájú, gbọ̀ngàn náà kò tíì ṣókùnkùn tó, tàbí kí ìmọ́lẹ̀ projector kéré. Nínú yàrá tó ṣókùnkùn dáadáa, projector tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ lumens 3,000 tó fún èèyàn 40.

Ohùn àti iná

Ìdákẹ́jẹ́ ni fíìmù yìí fi ń ṣọdẹ òǹwòran. Jẹnẹrétọ̀ tó ń dún gbùrù-gbùrù lẹ́yìn fèrèsé ti pa á kí apànìyàn tó dé. Ẹ má gbára lé iná NEPA, ẹ má sì gbára lé jẹnẹrétọ̀ bí ẹ bá lè rí inverter.

Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí: projector nǹkan bíi 300W, sípíkà méjì tó ní amp nínú 200W, laptop 60W, ó di 560W. Wákàtí méjì àbọ̀ ni gbogbo ètò, nítorí náà ẹ nílò 1,400Wh. Bátìrì olómi kan tó jẹ́ 12V 200Ah ní 2,400Wh lórí ìwé, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ, èyí jẹ́ 1,200Wh. Kò tó. Méjì ni kí ẹ mú, pẹ̀lú inverter 24V tó tó 1.5kVA. Lithium 2.4kWh kan ṣoṣo á gbé e. Àwọn fáànù kò sí nínú ìṣirò yìí o. Ẹni tó bá so fáànù mẹ́rin mọ́ ọn láìsọ fún yín lè mú kí iná kú kí ètò tó parí. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ nìkan ló wà, ẹ gbé e jìnnà tó mítà 25, kí ògiri wà láàárín, kí èéfín rẹ̀ má sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwòran, ni kí sípíkà wà. Ẹ fa bass wálẹ̀. Àwọn tó ń yá sípíkà fúnni fún òde àríyá máa ń gbé bass sókè láti ilé, orin Carpenter á wá di ìlù àríyá, ọ̀rọ̀ ẹnu á rì. Orí ìró tó lágbára jù nínú fíìmù ni kí ẹ ti wọn ìwọ̀n ohùn, ẹ má wọ̀n ọ́n lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá gbé ohùn sókè kí wọ́n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìró tó dún lójijì lẹ́yìn náà á ro wọ́n létí, wọ́n á sì sọ pé ariwo lásán ni fíìmù náà fi ń dẹ́rù bani.

Ẹ tan ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ayé ìgbà yẹn yára, kì í ṣe gbogbo àgbà ló máa gbọ́ ọ. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ pín ìwé pélébé kan lédè Yorùbá tó sọ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn nìkan: lọ́dún 1963, ní ìlú Haddonfield ní ìpínlẹ̀ Illinois, ọmọ ọdún mẹ́fà kan pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọdún 15 lẹ́yìn náà ó sá kúrò ní ilé ìwòsàn, ó ń padà bọ̀ nílé. Ẹ dúró síbẹ̀. Ìlú Haddonfield yìí kò sí lójú àwòrán ilẹ̀, wọ́n dá a sílẹ̀ fún ìtàn ni.

Nígbà tí fíìmù ń lọ

Òǹwòran wa máa ń bá ojú ìwòran sọ̀rọ̀. "Má wọlé o!" "Wo ẹ̀yìn ẹ!" "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ẹ má pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Èrò ọkàn wọn ni wọ́n ń sọ yẹn, ó sì tún jẹ́ òótọ́ ju ohun tí wọ́n máa rò sọ níkẹyìn lọ. Ẹnì kan péré tí ẹ gbọ́dọ̀ kì wọ̀ ni ẹni tó ti wo fíìmù náà tó ń sọ ohun tó ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀.

Ẹ fi ẹnì kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú ìwé àti aago. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kọ ìṣẹ́jú tí wọ́n rẹ́rìn-ín, tí wọ́n pariwo, tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Iná fóònù jẹ́ àmì tó dájú pé ara ti ń sú èèyàn. Bí fóònù mẹ́ta bá tàn láàárín ìṣẹ́jú méjì, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Kó bo iná tó fi ń kọ̀wé dáadáa.

Ẹ má dá fíìmù dúró láàárín fún ìpápánu. Kí omi àti gúgúrú ti wà lọ́wọ́ wọn kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, jẹ́ àwòrán kan tó dà bí ẹni pé wọn kò gé e, tí ẹ ń fi ojú apànìyàn wo ilé. Ẹni tó bá pẹ́ dé kò lè mọ ìdí tí àwọn yòókù fi dákẹ́, nítorí náà ẹ ti ilẹ̀kùn.

Kí wọ́n kọ̀wé kí wọ́n tó la ẹnu

Bí fíìmù bá ti parí, iná díẹ̀ ni kí ẹ tàn. Ẹ pín ìwé kékeré, ìdá mẹ́rin ìwé ńlá kan tó fún ẹnì kan, pẹ̀lú bírò. Àìsí bírò ti ba ètò tó dára jẹ́ púpọ̀, nítorí náà kí bírò pọ̀ ju èèyàn lọ. Ìbéèrè mẹ́ta péré, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò gbọdọ̀ sí orúkọ:

Ibo gan-an ni ẹ̀rù ti bà ẹ́?
Ibo ló ti sú ẹ?
Kí ni o kò gbà gbọ́ níbẹ̀?

Ẹ má béèrè bóyá fíìmù náà dára. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fún un ní máàkì nínú mẹ́wàá. Ẹni tí ẹ̀rù bà gan-an tó sì kórìíra òpin rẹ̀ á fún un ní márùn-ún, ẹni tó ń tòògbé náà á fún un ní márùn-ún. Máàkì kan náà ni, ọ̀rọ̀ wọn kò sì jọra. Tí ẹ bá fẹ́ máàkì dandan, kó jẹ́ méjì: ọ̀kan fún ìbẹ̀rù, ọ̀kan fún iṣẹ́ ọwọ́.

Kíkọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú ló ń gba ìjíròrò là. Ní ilẹ̀ wa, bí Bàbá bá ti sọ pé fíìmù yẹn kò nítumọ̀, ọmọ ogún ọdún tó jókòó lẹ́yìn kò ní í dìde sọ pé òun kò gbà. Ìwà ọmọlúàbí kò ní í jẹ́ kó ṣe é. Nítorí náà ẹ má fi àgbà ṣíde. Ẹ fún wọn ní àga iwájú, ẹ kí wọn tó bó ṣe yẹ, kí ẹ wá sọ pé: "Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin la fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ dé e ládé níkẹyìn." Ọ̀wọ̀ ni fún wọn, àwọn ọmọdé á sì ti sọ tẹnu wọn kó tó kàn wọ́n.

Ẹ kó ìwé jọ, ẹ pín in sí òkìtì gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe jọ, kí ẹ kà á sókè fún gbogbo ilé. Kí olùdarí má sọ tirẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kó máa béèrè jù ni: "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ìran wo lẹ ti rí i?" Bí ẹni náà bá dárúkọ ìran, ọ̀rọ̀ á lọ síwájú. Bí kò bá lè dárúkọ rẹ̀, kí wọ́n kí i, kí wọ́n gbé gbohùngbohùn fún ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ èdè tó bá wá sí wọn lẹ́nu, Àkúrẹ́, Oǹdó, Ìkálẹ̀, Àkókó, kí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ sì jẹ́ ẹni tó gbọ́ wọn. Bí ẹ bá fi dandan lé Gẹ̀ẹ́sì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni yóò sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú 45 tó fún ìjíròrò.

Àwọn òkìtì tí ẹ ó rí, àti bí ẹ ṣe máa mú wọn

Òkìtì "ó ń falẹ̀" kì í ṣòro. Lẹ́yìn ikú àkọ́kọ́, ó ju ìṣẹ́jú 40 lọ kí a tó tún rí i kí ó pa èèyàn lójú wa. Ẹ padà sí ìran ọ̀sán kan, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, kí ẹ ní kí gbogbo ilé wá apànìyàn nínú rẹ̀. Àwọn kan á rí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn tó rí i tẹ́lẹ̀ tó ṣì sú wọn ni ẹ̀rí wọn lágbára jù, ẹ tẹ́tí sí wọn dáadáa.

"A ti rí irú rẹ̀ rí" sábà máa ń ti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wá, òótọ́ sì ni, àwọn fíìmù tó kọ́ ọgbọ́n lára rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ẹ kọ ọdún sára pátákó: Psycho 1960, Black Christmas àti The Texas Chain Saw Massacre 1974, Halloween 1978, Friday the 13th 1980. Kò ní í mú kí ẹ̀rù bà wọ́n, ẹ má sì retí pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa ṣe ni pé ìbéèrè á yí padà láti "ṣé tuntun ni?" sí "kí ni àwọn tó tẹ̀ lé e mú, kí ni wọ́n fi sílẹ̀?" Ẹni tó bá mọ̀ á rán yín létí pé Black Christmas ti fi ojú apànìyàn wo ilé kí Carpenter tó ṣe é.

Àwọn tó sọ pé ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù máa ń wà, àwọn tó sọ pé ẹ̀jẹ̀ kò sí náà á wà, nínú gbọ̀ngàn kan náà. Ẹ ní kí oníkálukú kọ iye èèyàn tó rò pé ó kú, àti iye ìgbà tó rí ọ̀bẹ tó wọ ara. Èèyàn márùn-ún ló kú, a kò sì rí bí ó ṣe pa ọ̀kan nínú wọn, òkú rẹ̀ nìkan la rí nínú igbó. Ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kéré gan-an. Ìró àti ojú ẹni tí wọ́n ń pa ló ṣe ìyókù. Àkọsílẹ̀ yìí yanjú ìjà púpọ̀ nítorí ó jẹ́ ohun tí a lè kà.

Lórí owó, nǹkan bíi 300,000 sí 325,000 dọ́là ni wọ́n ná. Ibojú apànìyàn náà, ibojú Captain Kirk, ọ̀gá ọkọ̀ òfuurufú inú eré Star Trek, tí wọ́n rà láì tó dọ́là méjì ni, wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún, wọ́n sì mú ihò ojú rẹ̀ fẹ̀ sí i. Nick Castle tó wọ̀ ọ́ jù gba dọ́là 25 lójúmọ́. California ni wọ́n ti yà á, nígbà ìrúwé, ṣùgbọ́n oṣù October ní Illinois ni ìtàn ń sọ, nítorí náà ewé tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ni wọ́n ń dà sílẹ̀, tí wọ́n ń kó jọ, tí wọ́n tún ń dà. Òǹwòran Àkúrẹ́ tó mọ ọ̀pẹ dáadáa á rí igi tó jọ ọ̀pẹ lẹ́yìn ilé, á sì béèrè pé irú òtútù wo ni ọ̀pẹ ń hù sí. Ẹ yìn ín. Ẹ má gbèjà fíìmù náà níbẹ̀. Kí ẹ kàn béèrè bóyá ìgbà tó ń wò ó ló rí ọ̀pẹ náà àbí lẹ́yìn tí ẹnì kan nàka sí i. Ìdáhùn yẹn ló sọ bóyá àìlówó ba nǹkan jẹ́ lójú rẹ̀.

Òkìtì tó máa tóbi jù ní ìlú wa nìyí: "Kí ni wọ́n ṣe fún un?", ìyẹn ni pé kí ló mú kí apànìyàn náà máa pa èèyàn. Ẹ fún òkìtì yìí ní àkókò tó pọ̀ jù. Ìtàn ẹ̀rù tí a bí wa sí kì í ṣàìní ìdí. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí, kọ jáde lọ́dún 1938, Àkàrà-ògùn kò wọ igbó lọ́wọ́ òfo: ó ní ìbọn, ó ní oògùn, ó sì mọ̀ pé igbó náà kì í ṣe igbó èèyàn. Nínú Aiyé tí Hubert Ògúndé gbé jáde lọ́dún 1979, àwọn tó ń ṣe ibi ní orúkọ, ẹni tó lè kojú wọn sì wà. Ibi ní orísun, ó ní ẹ̀rọ̀, ẹ̀san sì ń bọ̀. Carpenter mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Ọmọ náà kò bínú, wọn kò ṣẹ̀ ẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀, dókítà tó tọ́jú rẹ̀ fún ọdún 15 kò rí ìdí kankan. Wọ́n yìnbọn fún un lẹ́ẹ̀mẹfà, ó ṣubú láti òkè ilé, ẹ wo ilẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé ìtàn náà kò pé, pé ẹni tó kọ ọ́ sá fún iṣẹ́. Àwọn mìíràn yóò sọ pé àìnídìí yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí àwọn lè sùn, nítorí ohun tó bá ní ìdí, èèyàn á mọ ètùtù rẹ̀. Èrò méjèèjì ló ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹ má gbìyànjú láti parí rẹ̀. Ẹ pín àga sí ọ̀tún àti òsì, kí apá kọ̀ọ̀kan yan ìran méjì tó gbè é lẹ́yìn. Bí ẹnì kan bá sọ pé apànìyàn náà ní ẹ̀mí àìmọ́, ẹ gbà á gẹ́gẹ́ bí èsì sí ìbéèrè ìdí, nítorí òun nìyẹn. Dókítà inú fíìmù náà pàápàá ń pè é ní ibi. Ẹ má jẹ́ kó di ìjà ìjọ sí ìjọ.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin. Àwọn ọmọbìnrin tó ń bá ọkùnrin ṣeré ni wọ́n kú, èyí tó jókòó ti ọmọ ọlọ́mọ ló yè. Àwọn ìyá kan á yin fíìmù náà fún un, àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan á bínú sí i fún ohun kan náà. Carol Clover, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lọ́dún 1987 lórí ọmọbìnrin tó máa ń ṣẹ́kù yìí, pé òun ló ń bá apànìyàn jà tí òǹwòran ọkùnrin pàápàá sì ń fi ojú rẹ̀ wò ó. Carpenter ní òun kò ní ẹ̀kọ́ ìwà kankan lọ́kàn. Kí obìnrin mẹ́ta kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí èyí kí ọkùnrin kankan tó gba gbohùngbohùn, àìṣe bẹ́ẹ̀ ìwàásù ni ẹ ó gbọ́.

Tí àwọn kan bá ń wò ó pé àìmọ̀kan ló fà á tí ẹnu kò fi kò ní Àkúrẹ́, ẹ sọ fún wọn pé nínú àwọn aṣelámèyítọ́ Amẹ́ríkà, Pauline Kael bu fíìmù náà, Roger Ebert yìn ín. Ebert yìí kan náà pẹ̀lú Gene Siskel, aṣelámèyítọ́ bíi tirẹ̀, lo odidi ètò tẹlifíṣọ̀n kan lọ́dún 1980 láti bẹnu àtẹ́ lu irú àwọn fíìmù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì yọ Halloween sọ́tọ̀. Lọ́dún 2006, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà mú un mọ́ àwọn fíìmù tí wọ́n ń tọ́jú pa mọ́ fún orílẹ̀-èdè wọn.

Kíkọ àbọ̀ rẹ̀

Láàárín ọjọ́ méjì, kí olùdarí àti ẹni tó mú aago jókòó, kí wọ́n fi ìwé òǹwòran wé àkọsílẹ̀ ìṣẹ́jú. Níbi tí ọ̀pọ̀ kọ pé ó sú àwọn, ṣé fóònù tàn níbẹ̀? Bí ìwé bá sọ pé ẹ̀rù kò ba ẹnikẹ́ni ní ìran kan tí gbogbo ilé sì kígbe ní ìṣẹ́jú yẹn, igbe ni kí ẹ gbà gbọ́. Tí àwọn tó kọ pé àwọn kò rí nǹkan bá jókòó sí apá kan náà, àṣìṣe gbọ̀ngàn ni, ẹ má kà á mọ́ àléébù fíìmù. Nítorí èyí, ẹ kọ lẹ́tà ìlà àga sí igun ìwé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó pín in.

Nínú àbọ̀ náà, ẹ má kọ "àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀" tàbí "wọn kò fẹ́ràn rẹ̀". Ẹ kọ iye ìwé tó wà ní òkìtì kọ̀ọ̀kan, ìran tí wọ́n dárúkọ jù, àti gbólóhùn kan tàbí méjì bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, láìtún Yorùbá wọn kọ. Ẹ kọ ẹ̀dà fíìmù tí ẹ fi hàn àti gígùn rẹ̀ sókè, kí ẹni tó máa ṣe tirẹ̀ ní Ìjàpọ̀ tàbí ní ìlú Oǹdó lè mọ̀ bóyá ohun kan náà lẹ wò. Tí àwọn tó ń ya fíìmù ní ìgboro bá béèrè, àkọsílẹ̀ ìṣẹ́jú ni kí ẹ kọ́kọ́ fún wọn, nítorí ohun tí wọ́n máa fi gé fíìmù tiwọn nìyẹn.